Àmì tí a so mọ́ fáìlì, tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì

Òǹkàwé kan tó ń ṣiṣẹ́ fọ́tò ní Òkè-Fìà, nílùú Òṣogbo, ló kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ilé iṣẹ́ wa kéré, àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀. Fọ́tò Ọdún Ọ̀ṣun àti ti Igbó Ọ̀ṣun la ń kó jọ, wọ́n sì ti lé ní 6,000. Orí sáfà kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Kọ̀ǹpútà Linux méjì ń gba NFS wọ inú rẹ̀, ẹnì kẹta wa ń lo Windows, Samba ni tirẹ̀ ń gbà. Mo ń fi setfattr kọ orúkọ ẹni tó ya fọ́tò sára fáìlì. Fọ́tò tí ẹni inú rẹ̀ kò bá fẹ́ ká gbé jáde, mo ń kọ user.iyonda sára rẹ̀, mo sì ń fi 'rara' sí i. Mo ń rí àmì yìí lórí sáfà àti lórí ẹ̀rọ tèmi. Lórí ẹ̀rọ Linux kejì, getfattr, àṣẹ tó ń ka àmì, kò sọ nǹkan kan. Tí mo bá ní kí n fi àmì sí i láti ibẹ̀, ó máa ní 'Operation not supported'. Ẹni tó ń lo Windows kò tiẹ̀ rí ohun tó jọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kó fódà kan sórí háàdì tí a máa ń gbé rìn, nígbà tí mo sì yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo àmì ti lọ. uname -r sọ 5.15 lórí sáfà àti lórí ẹ̀rọ mi, ó sọ 5.4 lórí ẹ̀rọ kejì. Ṣé NFS ni kò dára, ká kó gbogbo rẹ̀ sí Samba? Oṣù kẹjọ ti ń sún mọ́lé, fọ́tò tuntun á sì tún wọlé."

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ohun àjogúnbá. NFS kò ṣẹ̀ yín; òun àti Samba jẹ́ ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ ń gbà ṣí fáìlì tó wà lórí sáfà. Nọ́ńbà méjì tí ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé yín, 5.15 àti 5.4, tí í ṣe ẹ̀dà kernel, ìyẹn ọkàn ètò Linux, ló sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìwé náà tó já mi láyà ju ti nẹ́tíwọ̀kì lọ. Fọ́tò tí a kò gbọ́dọ̀ gbé jáde ni ẹ ń fi àmì sí, èyí tí a lè gbé jáde ni ẹ fi sílẹ̀ láìní àmì. Màá padà sórí rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí àmì yìí ń gbé. Bí ẹ bá kó aṣọ fún alágbàfọ̀, ohun méjì ló lè ṣe kí tiyín má baà dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ó lè fi yíǹkì kọ nọ́ńbà sínú ọrùn ẹ̀wù, ó sì lè fi òwú so bébà mọ́ ihò bọ́tìnnì. Yíǹkì ti di ara aṣọ, ibi tí aṣọ bá lọ ló ń bá a lọ. Bébà tí a so kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọwọ́ tí aṣọ náà bá gbà kọjá ló gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bébà wà níbẹ̀, kó sì fẹ́ gbé e. Àbùdá àfikún fáìlì, èyí tí àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ń pè ní xattr, bébà tí a fi òwú so ni. Kò sí nínú fọ́tò náà. Ìwé ìdánimọ̀ tí dísìkì ń tọ́jú nípa fáìlì, tí wọ́n ń pè ní inode, ló so mọ́, níbi tí orúkọ olóhun, ìwọ̀n fáìlì àti àkókò rẹ̀ wà. Ẹ lè dán an wò fúnra yín: ẹ fi sha256sum, àṣẹ tó ń ṣírò nọ́ńbà ìdánimọ̀ láti inú ohun inú fáìlì, ka fọ́tò kan, ẹ fi àmì sí i, ẹ tún un kà. Nọ́ńbà tó máa gbé jáde kò ní fi ẹyọ kan yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni fi lè ṣí fọ́tò náà, kó rí i pé ó pé pérépéré, kó má sì mọ̀ pé nǹkan kan ti já bọ́ lára rẹ̀.

Ìdílé mẹ́rin ni Linux pín àwọn àmì yìí sí, èyí tó bá ṣáájú orúkọ ló ń fi ìdílé hàn. "user." jẹ́ ti àwa aráàlú: ẹni tó bá láṣẹ àtikọ nǹkan sínú fáìlì lè kọ ọ́. "trusted." jẹ́ ti ọ̀gá ẹ̀rọ nìkan. "security." jẹ́ ti ètò ààbò bíi SELinux. "system." sì ni ibi tí kernel ń tọ́jú àwọn nǹkan bíi ACL, àkójọ àwọn tó láṣẹ sí fáìlì, sí. Tiyín jẹ́ "user.", ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí òun nìkan ni NFS gbà láti gbé gẹ́gẹ́ bí xattr.

Ó pẹ́ kó tó gbà. Sun Microsystems ló gbé NFS dé ní 1984. Nígbà tí ẹ̀dà kẹta rẹ̀ jáde nínú RFC 1813, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìlànà ìntánẹ́ẹ̀tì, ní 1995, kò sí àyè kankan fún àbùdá àfikún nínú rẹ̀. Ẹ̀dà kẹrin mú ohun kan wá tí wọ́n pè ní named attributes, orúkọ náà sì ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ohun yẹn dà bí fódà kékeré tó sá pamọ́ sẹ́yìn fáìlì, tí èèyàn lè ṣí kó sì máa kọ nǹkan sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. xattr ti Linux kò rí bẹ́ẹ̀: orúkọ kan, iye kan, ẹ gbé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà Linux kò fi ọ̀kan ṣe èkejì. Ó di oṣù Kejìlá 2017 kí Manoj Naik àti Marc Eshel tó kọ RFC 8276, tó fi iṣẹ́ mẹ́rin kún NFS 4.2: ẹ gba àmì, ẹ kọ àmì, ẹ ka orúkọ àwọn àmì tó wà, ẹ yọ àmì. Linux wá gba àwọn iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí wọlé nínú kernel 5.9, tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2020.

Ẹ wá wo nọ́ńbà yín. Sáfà jẹ́ 5.15, ó mọ iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ yín jẹ́ 5.15, òun náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ kejì jẹ́ 5.4, wọn ò tíì kọ́ ọ nígbà tí wọ́n ṣe é. Ẹ̀yin àti sáfà ń sọ èdè kan tí ẹnì kejì yín kò gbọ́ rí.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbí díẹ̀, torí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Lórí ẹ̀rọ kejì, "getfattr -d" dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé fọ́tò náà kò ní àmì. Ohun tí àṣẹ yẹn bèèrè ni pé, "Orúkọ àmì wo ló wà níbí?" Kernel tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè lọ́wọ́ sáfà á dáhùn pé kò sí, kò sì ní ké. Ẹ pe àmì náà lórúkọ dípò bẹ́ẹ̀:

getfattr -n user.iyonda foto.jpg

Bó bá ní "Operation not supported", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ọ̀nà láti ibi tí ẹ wà dé ibi tí àmì wà. Bó bá ní "No such attribute", ọ̀nà wà, sáfà gbọ́ ìbéèrè yín, fáìlì yẹn ni kò ní àmì. Ìdáhùn méjèèjì yìí jìnnà síra wọn gan-an. Ẹ má fi ìdákẹ́jẹ́ "getfattr -d" dá ẹjọ́ kankan láé.

Ojútùú ti ẹ̀rọ kejì ni kí ẹ gbé kernel rẹ̀ sókè. 5.4 ni Ubuntu 20.04 bá dé, ìtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún un sì ti parí ní 2025. Bó bá jẹ́ òun lẹ ń lò, ìdí méjì lẹ ní láti kúrò lórí rẹ̀. Kernel 5.15 tó wà nínú Ubuntu 22.04 tó, 5.10 tó wà nínú Debian 11 náà tó.

Kernel tuntun nìkan kọ́ o. Ẹ wo /etc/fstab, fáìlì tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń so dísìkì mọ́ra, lórí àwọn ẹ̀rọ méjèèjì. Mo ti rí i láìmọye ìgbà tí ẹnì kan kọ vers=3 síbẹ̀ lọ́dún gbọọrọ sẹ́yìn láti fi yanjú wàhálà mìíràn, tí ọ̀rọ̀ yẹn sì ń dá gbogbo ilé iṣẹ́ padà sí 1995 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ fi vers=4.2 rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe umount, ìyẹn ni kí ẹ tú u sílẹ̀, pátápátá kí ẹ tó ṣe mount, ìyẹn ni kí ẹ so ó padà, nítorí remount kì í pààrọ̀ ẹ̀dà NFS. Bí ẹ bá ti wọlé, "nfsstat -m" á fi hàn yín bóyá 4.2 lẹ wà ní tòótọ́. Ohun tó bá sọ ni kí ẹ gbàgbọ́, kì í ṣe ohun tí ẹ kọ sínú fstab.

Ìdí kan tún wà tí àmì fi lè kọ̀ láti wọlé bí ọ̀nà tiẹ̀ là, ó sì kan àwa tó ń kọ Yorùbá ju àwọn mìíràn lọ. Linux gba orúkọ àmì láàyè dé báìtì 255, ó gba iye rẹ̀ láàyè dé báìtì 65,536. Ẹni tó bá ka èyí á rò pé àyè pọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ext4, ọ̀kan lára ọ̀nà tí Linux ń gbà ṣètò dísìkì, ni dísìkì sáfà yín, gbogbo àmì fáìlì kan gbọ́dọ̀ wọ inú àyè kékeré tó ṣẹ́ kù nínú inode àti búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, tó sábà máa ń jẹ́ báìtì 4,096, àyàfi bí wọ́n bá tan ea_inode nígbà tí wọ́n ń ṣètò dísìkì náà. Bó bá kún, á ní "No space left on device", bẹ́ẹ̀ dísìkì náà lè ṣófo dé ìdajì. XFS, ọ̀nà ìṣètò mìíràn, kò há bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà Yorùbá tó ní àmì ohùn kì í gba báìtì kan. "e" lásán gba báìtì kan. "ẹ" gba mẹ́ta. "ẹ́" gba márùn-ún, nítorí kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó dúró fún un nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà gbogbo èdè fún kọ̀ǹpútà: "ẹ" ni a kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà àmì ohùn tó gun orí rẹ̀. "Ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo" jẹ́ lẹ́tà 14 àti àlàfo méjì lójú wa, lójú dísìkì báìtì 28 ni. Ìyẹn kò burú fún orúkọ olùyàwòrán. Bí ẹ bá ń gbèrò láti kọ ìtàn fọ́tò kọ̀ọ̀kan sínú àmì, kí ẹ ṣàlàyé ẹni tó wà níbẹ̀, ìran tó ń jó àti orin tí wọ́n ń kọ, ẹ má ṣe é lórí ext4.

Wàhálà kejì nínú lẹ́tà wa ni pé ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta ló wà láti kọ "ẹ́" kan náà. Bọ́tìnnì fóònù lè kọ "é" kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, ti kọ̀ǹpútà sì lè kọ "ẹ" kó tó fi ohùn sí i. Lójú èèyàn, ọ̀kan ni wọ́n. xattr kò mọ ìyẹn, báìtì ló ń wò. Bí orúkọ olùyàwòrán kan bá wọlé lọ́nà méjì, ẹ ó wá a, ẹ ó sì rí ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà èmi kì í fi àmì ohùn sí orúkọ xattr fúnra rẹ̀. Lẹ́tà kékeré tí kò ní àmì ni mo ń lò: user.iyonda, user.oluya. Ẹ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, inú mi dùn sí i. Nínú iye àmì, ẹ kọ Yorùbá yín kó pé, ṣùgbọ́n kí ó ti ibì kan náà wá, ẹ máa dà á kọ láti inú àkójọ orúkọ kan dípò kí oníkálùkù máa tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá sì fi getfattr wò ó tí ẹ rí ohun kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0s tí kò ṣeé kà, ẹ má bẹ̀rù. Àmì ohùn wa pọ̀ débi pé ètò náà rò pé kì í ṣe ọ̀rọ̀, ó wá dì í sí base64. Ẹ fi "--only-values" kún àṣẹ náà, Yorùbá yín á jáde bó ṣe rí.

Ká bọ́ sórí Windows. Rárá, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Samba. Samba lè gbé àmì "user.", láti ẹ̀dà 4.9 ni wọ́n sì ti ń tan "ea support" sílẹ̀ láìjẹ́ pé a béèrè. Ṣùgbọ́n Windows kò ní ojú ìwé kankan tí ẹni yín lè ṣí láti fi rí i. Bí ẹ bá kó lọ síbẹ̀, ìfọ́jú kan lẹ kàn fi rọ́pò òmíràn. Ẹni náà nílò ohun tó lè fojú rí, màá sì dé ibẹ̀ láìpẹ́. Ohun kan péré: ẹ lè rí user.DOSATTRIB lára àwọn fáìlì tó ti gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Samba ló kọ ọ́, láti fi rántí bí Windows ṣe fẹ́ kí fáìlì náà rí. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ti háàdì tí ẹ gbé rìn ló dùn mí jù, torí ó ti ṣe mí rí. Nígbà kan, mo fi àmì sára ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé tí a yà sínú kọ̀ǹpútà fún àwọn kan nílùú yìí, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni mo fi ṣe é. Nígbà tí sáfà tuntun dé, mo fi "rsync -a", àṣẹ tó ń kó fáìlì láti ibì kan sí òmíràn, kó gbogbo rẹ̀ lọ síbẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ nítorí mo gbà pé "-a" dúró fún gbogbo nǹkan. Kò dúró fún gbogbo nǹkan. Àbùdá àfikún kò sí nínú rẹ̀, ó di dandan kí èèyàn fi "-X" kún un. Kò sí àṣìṣe kankan lójú ẹ̀rọ, gbogbo fáìlì pé, mo sì nu dísìkì àtijọ́ fún iṣẹ́ mìíràn. Ó tó oṣù méjì kí ẹnì kan tó wá bi mí pé àmì dà. A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà ẹ mọ ìwà ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. "cp" lásán kì í gbé àmì. "cp -a" máa ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n bí ibi tó ń lọ kò bá gbà á, kò ní sọ fún yín. "cp --preserve=xattr" á ké bí kò bá rí i gbé, òun ni kí ẹ máa lò. "rsync -aX" náà á ké. Èyí tí mo ń bẹ̀rù jù ni "mv". Bí ẹ bá fi mv kó fáìlì láti dísìkì kan sí òmíràn tí kò gba àmì, á fi àmì sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀, á sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Háàdì àti fílááṣì tí a ń rà ní ọjà, exFAT tàbí FAT32 ni wọ́n sábà máa ń bá wá, kò sì sí àyè fún xattr ti Linux nínú èyíkéyìí. Kò sí àṣẹ tó lè fi í síbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e rìn, ẹ dì í sínú tar kí ẹ tó gbé e:

tar --xattrs -cf odun.tar odun/

Ẹ tún fi "--xattrs" sí i nígbà tí ẹ bá ń tú u, lórí dísìkì Linux. Lórí FAT32, fáìlì kan kò gbọ́dọ̀ kọjá 4 GB, tar yín á tètè kọjá ìyẹn, exFAT ló sàn.

Ibì kan ṣì wà tí àmì ti ń bọ́ láìjẹ́ pé a gbé fáìlì lọ síbì kankan. Ọ̀pọ̀ ètò tí a fi ń tún fọ́tò àti ìwé ṣe kì í kọ nǹkan sínú fáìlì àtijọ́ nígbà tí ẹ bá ní kó tọ́jú rẹ̀. Wọ́n á kọ fáìlì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá fún un ní orúkọ ti àtijọ́. Orúkọ kan náà ni, inode mìíràn. Bébà tí ẹ so ti bá aṣọ àtijọ́ lọ. Nítorí èyí, ẹ má tún fọ́tò ṣe nínú fódà àkọ́kọ́. Ẹ dá fódà mìíràn sílẹ̀ fún àtúnṣe, kí ti àkọ́kọ́ wà bó ṣe wọlé.

Bí ẹ bá sì fi àmì sí fọ́tò lórí ẹ̀rọ yín tí ẹnì kejì kò rí i lójú ẹsẹ̀, kó ṣe sùúrù. Kernel ń rántí ohun tó ti béèrè lọ́wọ́ sáfà, kì í tún un béèrè fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ó sì lè tó ìṣẹ́jú kan.

Ó tó àkókò kí n padà sórí ohun tó já mi láyà. Ẹ ní fọ́tò tí wọ́n kọ rárá fún ló ń gba àmì. Ìyẹn ni pé lọ́dọ̀ yín, fọ́tò tí kò ní àmì jẹ́ fọ́tò tí a lè gbé jáde. Ẹ wá ronú sí gbogbo ọwọ́ tí mo kà sókè yìí, cp, mv, exFAT, ètò àtúnṣe, kernel 5.4: ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe bí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n ń yọ àmì kúrò. Nínú ètò tiyín, gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣe àṣìṣe, àṣìṣe náà ń sọ "kò sí" di "bẹ́ẹ̀ ni". Ìyá kan ní kí a má gbé àwòrán ọmọ òun jáde, ẹnì kan kó fódà sórí háàdì, ọmọ náà sì di ẹni tí a lè gbé jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu rẹ̀. Láti ìgbà tí UNESCO ti fi Igbó Ọ̀ṣun sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, gbogbo ayé ló ń wá fọ́tò ibẹ̀. Lọ́jọ́ Arugbá, kámẹ́rà pọ̀ lójú ọ̀nà, ọmọdé àti àwọn tó wá jọ́sìn sì ń bọ́ sínú fọ́tò tí wọn kò mọ ibi tó ń lọ. Àwọn tó wá bá yín pé ẹ má lo tiwọn ti fọkàn tán yín.

Ẹ yí i padà. Kí fọ́tò tí a lè gbé jáde máa gba àmì: user.iyonda, kí iye rẹ̀ jẹ́ "beeni". Fọ́tò tí kò bá ní àmì, ẹ kà á sí rárá. Bí ẹ̀rọ bá wá já àmì bọ́, ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ ò ní lo fọ́tò kan tí ẹ ì bá ti lò, ìyẹn sì ṣeé tún ṣe. Èyí tó ti jáde kò ṣeé pè padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí xattr nìkan mọ òtítọ́. Ẹ ṣe àkójọ kan, ìwé tábìlì lásán tí ẹni tó ń lo Windows lè ṣí: orúkọ fáìlì, nọ́ńbà sha256sum rẹ̀, ẹni tó yà á, ìyọ̀ǹda, ọjọ́ tí a gbà á, ẹni tó gbà á. Nọ́ńbà sha256 ló ṣe pàtàkì níbẹ̀, torí bí ẹnì kan bá tiẹ̀ yí orúkọ fáìlì padà, ẹ ṣì lè mọ fọ́tò wo ni. Ìwé yìí ni ẹlẹ́rìí, xattr wà láti mú kí wíwá yá.

Orúkọ olùyàwòrán ní tirẹ̀, ẹ fi yíǹkì kọ ọ́. XMP, ọ̀nà tí a fi ń kọ àlàyé sínú fọ́tò, tí Adobe gbé jáde ní 2001, ń gbé nínú fọ́tò náà fúnra rẹ̀, NFS, Samba àti exFAT kò lè já a bọ́. exiftool ló ń kọ ọ́:

exiftool -overwrite_original_in_place -XMP-dc:Creator="Orúkọ olùyàwòrán" foto.jpg

Ẹ má yọ ọ̀rọ̀ gígùn tó wà láàárín yẹn o. Bí ẹ bá yọ ọ́, exiftool náà á kọ fáìlì tuntun, á sì ju xattr nù. Ẹ kọ XMP ṣáájú kí ẹ tó ka sha256, torí yíǹkì ń yí ohun inú fáìlì padà. Kí ẹ sì mọ̀ pé WhatsApp ń fọ yíǹkì pàápàá bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán.

Èyí ni bí màá ṣe tẹ̀ lé e bó bá jẹ́ èmi. Lónìí, kí ẹ tó fọwọ́ kan kernel tàbí fstab, ẹ jókòó sórí sáfà fúnra rẹ̀, ẹ kọ gbogbo àmì tó ṣẹ́ kù sínú fáìlì kan:

getfattr -R -d odun/ > ami.txt

Ẹ tọ́jú ami.txt sí ibi méjì. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, "setfattr --restore=ami.txt" láti inú fódà kan náà á dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ fi í sínú cron, tó ń ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí a bá dá fún un, kó máa ṣe é lálaalẹ́, kó máa fi ọjọ́ sí orúkọ fáìlì. Lẹ́yìn náà ẹ yí ìtumọ̀ ìyọ̀ǹda padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé tábìlì, nítorí ìwọ̀nyí kò nílò ẹ̀rọ tuntun kankan. Kernel ẹ̀rọ kejì àti vers=4.2 lè dúró di ìparí ọ̀sẹ̀. Ti fódà tó wà lórí háàdì, ẹ má nu ohunkóhun. Bó bá jẹ́ cp lẹ fi kó o, àmì rẹ̀ ṣì wà lórí sáfà. Bó bá jẹ́ mv, ẹ kọ̀wé sí mi padà kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá ẹ ní ẹ̀dà sáfà náà tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ tó kọjá.